OÚNJẸ ÌRÁNTÍ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ILÉ ÌDÁNÁ ÀWỌN JÚÙ

Ẹ kà: Ẹ́kísódù 12:1–28, Diutarónómì 6:20–25, Lúùkù 22:7–20



Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, inú ilé ìdáná ni a fẹ́ mú yín wọ̀. Ó lè ya àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí orí àga ìwàásù àti inú kíláàsì ni a mọ̀ sí ibi tí a ti ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ kí Ísírẹ́lì má ṣe gbàgbé oore tí Òun ṣe fún wọn, kò kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì, bẹ́ẹ̀ ni wàláà òkúta kò tíì dé ọwọ́ Mósè. Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ pa láṣẹ fún wọn. Ní òru tí wọ́n fẹ́ jáde kúrò ní oko ẹrú, ó sọ ohun tí wọn ó jẹ, bí wọn ó ti sè é, àti bí wọn ó ti múra nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. Ó sì fi kún un pé, ní ọjọ́ iwájú, nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá béèrè ìtumọ̀ ìsìn náà, kí wọ́n dá wọn lóhùn.

Orí nǹkan méjì yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa dúró lé: oúnjẹ kan, àti ìtàn tí a ń sọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà tí ìtàn kò sí, ikùn nìkan ni ó yó. Bí ìtàn bá wà tí kò sí ohun tí yóò mú ọmọ béèrè rẹ̀, ìtàn náà yóò sùn lọ.

1. TÁBÌLÌ ÌRÉKỌJÁ

Ohun mẹ́ta ni a pa láṣẹ ní Ẹ́kísódù orí kejìlá: ọ̀dọ́-àgùntàn tí a fi iná sun, àkàrà aláìwú, àti ewébẹ̀ kíkorò. Láti ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, nígbà tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, àwọn Júù kò rúbọ ọ̀dọ́-àgùntàn mọ́. Egungun ẹran kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ lórí àwo fún ìrántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ náà parun. Wọ́n ń pè é ní Seder, èyí tí ó túmọ̀ sí ètò, nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ ni ó ní àkókò tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ìyẹ̀fun àti omi nìkan ni a fi ń ṣe àkàrà aláìwú. Àwọn olùkọ́ òfin wọn sì fi àkókò sí i: láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun títí a ó fi yan án tán, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 18 lọ, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ìkánjú yìí gan-an ni ìrántí. Àwọn baba wọn kò rí àyè dúró de ìyẹ̀fun kí ó wú. Orí èjìká ni wọ́n gbé e lé tí wọ́n fi jáde ní Íjíbítì. Ewébẹ̀ kíkorò ń rán wọn létí ìkorò oko ẹrú. Omi iyọ̀ ń rán wọn létí omijé. Àpòpọ̀ dídùn kan sì wà, tí wọ́n ń pè ní charoset, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti amọ̀ tí wọ́n fi mọ bíríkì fún Fáráò.

Ẹ wo bí ìrántí kan ṣoṣo ti gba oríṣiríṣi ìkòkò kọjá. Àwọn Júù Pólándì ń fi èso ápù, ẹ̀pà inú igi, wáìnì àti ohun olóòórùn dídùn ṣe charoset tiwọn. Àwọn ti ilẹ̀ Ìráàkì ń fi èso dábínù ṣe é. Ohun tí ilẹ̀ olúkúlùkù ń mú jáde ni wọ́n fi ń sọ ìtàn kan náà. Àwọn ìdílé tí ó ti ilẹ̀ Jámánì àti Pólándì wá kì í jẹ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà ní ọjọ́ Ìrékọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Spéìnì wá ń jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Síbẹ̀ Mósè kan náà ni gbogbo wọn ń kà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fiyè sí èyí: ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé ni a fún ní iṣẹ́ ìbéèrè. Òun ni yóò béèrè ìdí tí òru náà fi yàtọ̀ sí òru mìíràn. Kì í ṣe bàbá ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ọmọ ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí àwa tí a ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá rí ohun kan níhìn-ín. Nígbà tí àwọn atúmọ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, dé orí oúnjẹ àlìkámà àwọn Júù yìí, wọn kò lọ wá orúkọ àjèjì. Àkàrà ni wọ́n pè é ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tí ń mú un wú, wọ́n pè é ní ìwúkàrà. Ọdún tí a kì í lò ó, wọ́n pè é ní àjọ àìwúkàrà. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ àárọ̀ ọmọ Yorùbá ṣe wọ inú Òfin Mósè. A ó padà sí ọ̀rọ̀ àkàrà yìí.

2. ÌKÒKÒ ỌJỌ́ ÌSINMI

Ẹ́kísódù 35:3 kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti dá iná ní Ọjọ́ Ìsinmi. Báwo ni wọn ó ṣe jẹ oúnjẹ gbígbóná ní ọjọ́ náà? Àwọn ìyá ilé ni ó wá ọ̀nà. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, wọn a kó ẹ̀wà, ọkà báálì àti ẹran sínú ìkòkò kan, wọn a dé e pinpin, wọn a sì gbé e sínú ààrò tí ó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà ní gbogbo òru, títí wọn ó fi dé láti ilé ìsìn ní ọ̀sán Sátidé. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ìlú ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù, ààrò oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò máa ń gbé ìkòkò wọn lọ. Cholent ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn Júù ilẹ̀ Mòrókò ń pe tiwọn ní dafina, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí ohun tí a bò mọ́lẹ̀.

Lórí tábìlì kan náà, ìṣù búrẹ́dì méjì ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, nítorí pé ìlọ́po méjì mánà ni Ọlọ́run fún àwọn baba wọn ní ọjọ́ kẹfà (Ẹ́kísódù 16:22). Àwọn Júù ilẹ̀ Etiópíà pẹ̀lú ní búrẹ́dì Ọjọ́ Ìsinmi tiwọn, tí wọ́n ń pè ní dabo. Nígbà tí a fi ọkọ̀ òfurufú kó èyí tí ó ju 14,000 nínú wọn lọ sí ilẹ̀ Ísírẹ́lì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, láàárín ọjọ́ kan àti ààbọ̀, ẹrù díẹ̀ ni wọ́n lè gbé. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí kò lè gba ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ obìnrin. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì tún ń yan dabo.

3. OÚNJẸ ỌDÚN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wọn, àwọn Júù a máa fi èso ápù kan oyin, wọn a sì máa gbàdúrà pé kí ọdún náà dùn. Nínú ìwé àwọn olùkọ́ àtijọ́ wọn tí à ń pè ní Támọ́dù, irúgbìn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ rubya, tí ó jọ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé kí nǹkan máa pọ̀ sí i. Nítorí orúkọ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Júù Síríà àti Íjíbítì ń jẹ ẹ̀wà olójú dúdú ní ọjọ́ náà. Ẹ̀wà tí à ń wí yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín. Òun gan-an ni ó wà lórí àtẹ ní ọjà wa.

Àwa kò ha mọ irú àṣà yìí bí? Níbi ìsọmọlórúkọ, a kì í ha mú oyin wá kí ayé ọmọ lè dùn, àti orógbó kí ọmọ lè gbó? Ọgbọ́n kan náà ni: láti fi ohun tí ẹnu lè tọ́ wò kọ́ ọkàn ní àdúrà.

Nígbà Àjọ̀dún Ìyàsímímọ́ Tẹ́ḿpìlì, èyí tí Olúwa wa pàápàá wà ní Jerúsálẹ́mù fún (Jòhánù 10:22), ohun tí a fi òróró dín ni wọ́n ń jẹ. Ìrántí ọdún 164 ṣáájú ìbí Olúwa ni, nígbà tí a gba Tẹ́ḿpìlì padà lọ́wọ́ àwọn abọ̀rìṣà. Ìtàn wọn sọ pé òróró ọjọ́ kan tàn nínú fìtílà fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní Àjọ̀dún Ọ̀sẹ̀, èyí tí àwa mọ̀ sí Pẹ́ńtíkọ́sì, oúnjẹ tí a fi wàrà ṣe ni ó wọ́pọ̀ láàárín wọn.

4. ÌWÉ TÍ EBI KÒ LÈ PA

A dé ibi tí ó wúwo nínú ẹ̀kọ́ wa. Láàárín ọdún 1941 àti 1945, ìjọba Hitler kó àwọn Júù jọ sí ìlú Terezín, ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì. Ebi pa ọ̀pọ̀ kú níbẹ̀, a sì kó ọ̀pọ̀ mìíràn láti ibẹ̀ lọ sí ibi tí a ti pa wọ́n. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mina Pächter. Òun àti àwọn obìnrin mìíràn, tí wọn kò rí oúnjẹ jẹ yó, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ ilé wọn sórí àjákù ìwé: àkàrà òyìnbó olóyin, ẹran sísun, àti oúnjẹ ọjọ́ ọdún. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán ìwé náà pọ̀. Àwọn ìlànà kan nínú rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ebi ń pa kì í rántí ohun gbogbo tán.

Mina Pächter kú ní Ọjọ́ Ètùtù ọdún 1944. Kí ó tó kú, ó fi ìdì ìwé náà lé ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́ pé kí ó bá òun fi í fún ọmọbìnrin òun. Ìdì náà gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn náà ni ó tó dé ọwọ́ ọmọ rẹ̀, Anny Stern, ní ìlú New York. A tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1996.

Ẹ̀yin ará, kí ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ṣe? Wọn kò ní ìyẹ̀fun, wọn kò ní ẹyin, wọn kò ní ìkòkò. Wọn kò kọ ọ́ nítorí kí àwọn fúnra wọn lè jẹ ẹ́. Ní ibi tí a ti sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé wọn kì í ṣe ènìyàn, wọ́n ń jẹ́rìí pé ọmọ ilé kan ni àwọn, pé àwọn ní ìyá tí ó kọ́ àwọn, àti pé àwọn ní ọmọ tí ó yẹ kí ó mọ̀. Kí àwa Kristẹni sì rántí pẹ̀lú ìtìjú pé ní àárín àwọn orílẹ̀-èdè tí ń pe orúkọ Krístì ni a ti ṣe ibi yìí sí ìran tí Olúwa wa fúnra rẹ̀ ti wá.

5. ÀKÀRÀ TI Ó LA ÒKUN KỌJÁ

Àwa náà ní oko ẹrú tiwa. Ní ọdún 1821, nígbà ogun tí ó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, a kó ọmọdékùnrin kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Òṣogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí a fi gbé e wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, a sì mú un lọ sí Sàró. Ọmọ náà ni Àjàyí, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlà, tún fojú kan ara wọn. Ní ọdún 1848 a sàmì sí ìyá náà, a sì pè é ní Hánà.

Àwọn Yorùbá tí a dá sílẹ̀ ní Sàró kò gbàgbé ìkòkò wọn. Títí di òní, àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ní Freetown ń dín àkàrà, wọ́n sì ń pe ẹ̀wà tí a lọ̀ tí a sì fi ewé sè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kwara. Àsè tí wọ́n ń ṣe ní ìrántí òkú wọn, àwùjọ ni orúkọ rẹ̀. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà tí wọ́n fi epo pupa dín. Ọ̀rọ̀ wa ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n mìíràn ni ó ń sọ ọ́. Àwọn tí ó ti ibẹ̀ padà sí Èkó, tí à ń pè ní Àgùdà, mú oúnjẹ kan dání: ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀, tí a sì pò mọ́ omi àgbọn. Frejon ni wọ́n ń pè é, láti inú orúkọ ẹ̀wà ní èdè Potogí. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ Rere ni ọjọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹja. Ẹ̀wà náà ti ibí lọ ní ìgbèkùn. Ó sì padà wá gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìrántí ikú Olúwa.

6. ÀWA ŃKỌ́ NÍ ÌLỌRIN?

Ìlú wa yìí jẹ́ ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Tápà àti Ìbàrìbá ti pàdé, a sì lè ka ìtàn ìpàdé náà nínú àwo oúnjẹ. Tùwó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmàlà. Àwọn obìnrin Fúlàní ń fi omi ewé bomubómu mú wàrà dì, kò sì sí ọmọ Ìlọrin tí kò mọ adùn rẹ̀. Rélùwéè tí ó dé ìlú yìí ní ọdún 1908 kó àwọn ènìyàn mìíràn wá láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì wọn àti ìkòkò wọn. Nígbà Iléyá, ẹran ń ti ilé aládùúgbò wa wá. Nígbà Kérésìmesì, àwo tiwa náà ń lọ sí ilé wọn. Ẹ̀rí àlàáfíà ni àwo wọ̀nyí, kí a má ṣe jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa. A mọ ìyá àgbà kan ní ìlú yìí, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ó máa ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ Rere. Kì í fi ata sí i rárá. Bí a bá ti ìsìn wákàtí mẹ́ta dé, a ó bá a nínú ewé eéran, pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi jẹ ẹ́, tí a sì ń fi àìláta rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí ìyá náà sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ rẹ̀ gbìyànjú láti sè é. Wọ́n rí ẹ̀wà, wọ́n rí ewé, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ-ọmọ kan béèrè ìdí tí kò fi ní ata, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè dáhùn. Bóyá ọ̀fọ̀ ni, bóyá ẹ̀jẹ́ ni, bóyá ìtàn ìrìbọmi ìyá tirẹ̀ ni. A jókòó síbi tábìlì náà ju ogún ọdún lọ, a kò béèrè rí. Ọmọ náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa àgbà ni kò ní ìdáhùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ yín.

Èkíní: ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí olúkúlùkù olùkọ́ rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà kan. Kí wọ́n kọ oúnjẹ kan, bí a ti ń sè é, ẹni tí ó kọ́ ọ, àti ọjọ́ tí a ń jẹ ẹ́. Bí obìnrin tí ebi ń pa ní Terezín bá lè kọ ọ́ sórí àjákù ìwé, kí ni àwíjàre tiwa?

Èkejì: ẹ so oúnjẹ pọ̀ mọ́ ọdún ìjọ. Kò ha dára kí a pín wàrà fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, kí a sì sọ fún wọn pé àjọ̀dún yìí ni àwọn àpọ́sítélì ń ṣe nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé wọn?

Ẹ̀kẹta: ẹ ṣọ́ra. Ìrántí oúnjẹ lè ṣì wá lọ́nà. Ní Númérì 11:5, Ísírẹ́lì rántí ẹja Íjíbítì àti ẹ̀gúsí rẹ̀, wọ́n sì gbàgbé pásán. Oúnjẹ wà nínú ìrántí wọn, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àsè tí a jẹ gbèsè ṣe kí a lè ṣe fọ́ńté kì í ṣe oúnjẹ ìrántí; ìlẹ̀kùn oko ẹrú mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé pípa àṣà mọ́ ni yóò gba ọkàn là. Krístì ni Ìrékọjá wa (1 Kọ́ríńtì 5:7). Síbẹ̀, nígbà tí Òun náà fẹ́ kí a máa rántí Òun, kò fún wa ní ère, kò fún wa ní òkúta ìrántí. Ibi tábìlì Ìrékọjá ni ó jókòó sí. Ó mú àkàrà, ó bù ú, ó fi fún wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ

1. Kí ni ìdí tí Ọlọ́run fi fi ìbéèrè sí ẹnu ọmọdé ní Ẹ́kísódù 12:26?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìrántí Diutarónómì 8:2–3 àti ìrántí Númérì 11:5?
3. Oúnjẹ wo ni a ń sè ní ilé yín tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀? Ta ni ó kù tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run àwọn baba wa, ìwọ tí ó bọ́ Ísírẹ́lì nínú aginjù, tí ó sì mú àwọn ìgbèkùn ilẹ̀ wa padà bọ̀: la etí àwọn ọmọ wa kí wọ́n lè béèrè, sì la ẹnu àwọn àgbà wa kí wọ́n lè dáhùn. Bù kún ìkòkò àti tábìlì gbogbo ilé wa, àti ti àwọn aládùúgbò wa. Mú wa dé ibi àsè ìkẹyìn, níbi tí a kì yóò ti gbàgbé ẹnikẹ́ni. Nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.